Kàtídírà Tó Wà Lábẹ́ Ibùsùn Daddy

Ajé, 3 Òkúdù 2024
Dókítà ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tí Daddy jẹ, oògùn tí wọ́n lò, bí wọ́n ṣe sùn, ohun tí wọ́n sọ. Ó ní tí a bá padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìwé yìí ni òun máa fi mọ̀ bóyá a ń lọ síwájú. Mo ra ìwé ọlọ́gọ́ta ewé ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ ilé wa.

Òwúrọ̀: ògì, ṣíbí mọ́kànlá. Oògùn mẹ́ta. Ọwọ́ ọ̀tún kò gbéra. Ó di kuku bí ọwọ́ ẹni tó fi nǹkan pamọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀.

Ohun tí wọ́n sọ: mi ò mọ̀. Kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe òyìnbó, kì í ṣe Lárúbáwá. Láti ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ ti dá wọn wó, tí wọ́n lajú ní ọsibítù, ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde, wúyẹ́wúyẹ́, lẹ́nu tó ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ń gbọ́ Yorùbá o. Tí mo bá ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀, wọ́n á gbé e. Mo ní, "Daddy, ẹ fi Yorùbá sọ ọ́ fún mi." Wọ́n gbìyànjú. Òógùn bò wọ́n. Ohun kan náà ló tún jáde.

Ìṣẹ́gun, 4 Òkúdù
Òjò láti ìdájí. Kabirat, tí a jọ ń ta tòmátì ní Mile 12, pè mí. Ó ní apẹ̀rẹ̀ kan ti kọjá ohun tí ẹnì kan lè dá rà, àwọn mẹ́ta mẹ́ta ló ń dáwó lé ọ̀kan. Ó ní òun ṣì ń bá mi jókòó sí àyè mi, ṣùgbọ́n ìyálọ́jà ti ń béèrè ìgbà tí mo máa dé. Mo ní lẹ́yìn Iléyá. Mi ò mọ ohun tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Daddy ń tún sọ. Mo kọ ọ́ bí etí mi ṣe gbọ́ ọ: "Atikirọ́yì." Wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á wo ilẹ̀kùn.

Ọjọ́bọ̀, 6 Òkúdù
Mo sọ̀kalẹ̀ lọ pọn omi. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ariwo ni mo gbọ́. Daddy ti jáde, wọ́n ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn, Mummy Fikáyọ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló dì wọ́n mú. Gbogbo ilé jáde wá wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ èdè yẹn, tí itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, tí wọ́n ń na ọwọ́ òsì sí mi. Ẹnì kan ní àlùjànnú ni. Kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

Roqeeb ẹ̀gbọ́n mi mú àgádágodo wá ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní kí n máa ti ilẹ̀kùn látinú kí n sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Mo so ó. Irin wà lójú fèrèsé, irin wà ní báńkónì, àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní Daddy ló ń dáàbò bò. Ó lọ sílé rẹ̀.

Ẹtì, 7 Òkúdù
"Kúṣáì, dóṣíkà." Wọ́n ń ti àwo wọn sọ́dọ̀ mi. Ó ṣeé ṣe kí ọbẹ̀ má dùn mọ́ wọn lẹ́nu.

Àbámẹ́ta, 8 Òkúdù
Bàbá Ìsẹ́yìn pè. Àwọn ni wọ́n ṣáájú Daddy délé ayé, ọ̀rọ̀ wọn sì ni abẹ gé nínú ẹbí wa. Roqeeb ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní tí a bá ti ṣe Iléyá tán, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn máa mú mọ́tò wá gbé àbúrò àwọn lọ sọ́dọ̀ Alfa kan lójú ọ̀nà Ìganná tó mọ irú àìsàn bẹ́ẹ̀ tọ́jú.

Mo mọ ilé Alfa yẹn. Ajarat, ọmọ àbúrò wọn obìnrin, lo oṣù méje níbẹ̀ lẹ́yìn tó bímọ. Títí di òní kì í wọ bàtà tó ń hàn lọ́rùn ẹsẹ̀, nítorí àpá ṣẹkẹṣẹkẹ.

Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Èmi ni àbíkẹ́yìn, mo ti kó jáde nílé ọkọ, ilé bàbá mi ni mò ń gbé. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Mẹ́wàá ni.

Àìkú, 9 Òkúdù
Òjò kò dá. Omi ń jò sí yàrá Daddy, mo ń fa àwọn ẹrù abẹ́ ibùsùn jáde kí wọ́n má baà rin. Páálí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi okùn dì. Ìwé mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, àti fọ́tò kan.

Àwọn lẹ́tà inú ìwé náà, mi ò rí irú rẹ̀ rí. R kan wà tó kọ ẹ̀yìn sí ènìyàn. Àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀ tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà: ilé ńlá kan tí òrùlé rẹ̀ rí rìbìtì-rìbìtì bí akoto ológun, márùn-ún, ojú àwọn ènìyàn mímọ́, ìka ọwọ́. Láàárín àwọn lẹ́tà yẹn, Yorùbá wà, wínníwínní, ọwọ́ Daddy ni:

"Ìyá mi, wọ́n mú wa kúrò ní Lẹningírádì wá ṣiṣẹ́ ní Nófúgọ́ródì ní àsìkò ìsinmi. Kàtídírà kan wà níbí, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àtijọ́, Sófíyà ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ọba kan ló kọ́ ọ, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́sàn-án ọdún. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé òtútù ọdún tó kọjá ṣì wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa to àfọ́kù àwòrán tí wọ́n wú lábẹ́ ilẹ̀. Tábìlì mẹ́ta, àfọ́kù tí kò ju èékánná lọ. Mo ti ṣe é fún oṣù kan. Mo ti rí etí kan tò."

Èdè Rọ́ṣíà ni.

A mọ̀ pé Daddy kàwé ní Rọ́ṣíà, bí a ṣe mọ̀ pé Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí wọn sí. A kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan rí lẹ́nu wọn nípa rẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Kétu fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, wọ́n fẹ̀yìn tì. Ó tán.

Ajé, 10 Òkúdù
Mo gbé ìwé náà sí orí ẹsẹ̀ wọn. Wọn ò ké, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọwọ́ òsì ṣí i títí wọ́n fi dé ojú ewé kan: ọwọ́ tó di kuku. Wọ́n fi ìka tẹ àwòrán náà. "Rúkà." Wọ́n tẹ ọwọ́ ọ̀tún ara wọn. "Rúkà." Wọ́n wá ń wo ojú mi, wọ́n ń dúró.

Mo ka Yorùbá tó wà lábẹ́ rẹ̀ sókè:

"Ìyá mi, wọ́n ní nígbà tí àwọn ayàwòrán fẹ́ ya Jésù sínú òrùlé àárín, wọ́n ya ọwọ́ rẹ̀ ní ṣíṣí, bí ẹni tó ń súre. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọwọ́ náà ti dì. Wọ́n tún un yà, ó tún dì. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ohùn kan wá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé inú ọwọ́ yìí ni òun di ìlú mú sí, ọjọ́ tó bá ṣí ni ìlú máa tán. Ogun Hitler dé, bọ́ǹbù fọ́ òrùlé náà, àwòrán wó. Mo gòkè lọ wo ibẹ̀. Òfìfo ni. Mo dúró síbẹ̀ títí ọrùn fi ń dùn mí."

Daddy ń mi orí bí mo ṣe ń kà. Mo ní, "Daddy, ṣé ọwọ́ yín lẹ ń sọ?" Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún tí rọpárọsẹ̀ ti dá wọn wó, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi àti bàbá mi jọ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú, 12 Òkúdù
Mo fi ìwé náà han Roqeeb. Ó wò ó dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ràhmát, kò sí ẹni tó ń fi Yorùbá sùn tó ń fi Rọ́ṣíà jí." Mo gbé fóònù sí ẹnu Daddy kó túmọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹnu tó wọ́ yẹn, fóònù kò gbọ́ ọ. Ó kọ "ẹja" sílẹ̀, ó tún kọ "ẹja". Roqeeb ní ṣé mo rí i. Mo pe nọ́ńbà dókítà, kò lọ.

Lẹ́yìn fọ́tò yẹn, wọ́n kọ: Èmi àti Oyèṣọlá, 1977. Ọmọkùnrin méjì nínú kóòtù tó tóbi jù wọ́n lọ, yìnyín dé orúnkún wọn. Oyèṣọlá kan wà nínú ìwé àdírẹ́sì Daddy. Magodo.

Ọjọ́bọ̀, 13 Òkúdù
Mo ti Daddy mọ́lé, mo lọ. Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí: ìta ni mo ti ti ilẹ̀kùn, mo gbọ́ "Atikirọ́yì" lẹ́yìn mi, mo sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ní géètì Magodo wọ́n ní kí n pe ẹni tí mo wá wò kó fi kóòdù ránṣẹ́. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ti kú. Mo bẹ sìkiọ́rítì, mo fi fọ́tò hàn án. Ó wo àwọn ọmọkùnrin méjèèjì, ó ní Mummy, èwo nínú wọn ni mo fẹ́ kí òun dá mọ̀? Mo dúró wákàtí kan àti ààbọ̀. Níkẹyìn ó gbà kí n kọ ìwé sílẹ̀, pé òun máa fún ọ̀gá náà bí mọ́tò rẹ̀ bá jáde. Mi ò gbà á gbọ́.

Mo padà délé. Daddy jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn, wọ́n ti tọ̀ sára. Wọ́n gbé ojú kúrò lára mi títí mo fi wẹ̀ wọ́n tán.

Ẹtì, 14 Òkúdù
Daddy kò sọ nǹkan kan lónìí.

Mo ń ka ìwé wọn nítorí kò sí ibi tí mo lè lọ. Ilẹ̀kùn idẹ kan wà ní kàtídírà yẹn, wọ́n ya ìtàn inú Bíbélì sí gbogbo ara rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ Áfíráámù ló tò ó; nígbà tó parí, ó ṣe àwòrán ara rẹ̀ sínú rẹ̀, tòun tirinṣẹ́ lọ́wọ́, láàárín àwọn wòlíì. Daddy kọ síbẹ̀ pé: "Ìyá mi, òun nìkan ni mo máa ń kí tí mo bá ń wọlé."

Àwọn tó ń jọ́sìn níbẹ̀ láyé àtijọ́ tún máa ń fi irin ha ọ̀rọ̀ sára ògiri. Olúwa, ran ìránṣẹ́ rẹ lọ́wọ́. Orúkọ. Àwọn àlùfáà ń bínú, wọ́n ń ha á nù. Ọgọ́rùn-ún ọdún ń kọjá lọ, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lára ògiri. Mùsùlùmí ni Daddy, inú ilé yẹn sì ni wọ́n ti ń kírun ní kọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní ìyá àgbà tó ń ṣọ́ ibẹ̀ máa ń bá wọn ti ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà fẹ́ lù wọ́n. "Ẹ má sọ fún Bàbá," wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ìyá wọn kò mọ̀wé kà. Mi ò rò pé wọ́n fi ìkankan nínú rẹ̀ ránṣẹ́ rí.

Àìkú, 16 Òkúdù. Iléyá
Roqeeb gbé ẹran wá. Àwọn mọ́ṣáláṣí ń gbé Ọlọ́hun tóbi láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, Daddy sì bá wọn gbé e, ketekete, láìṣì, látòkè délẹ̀. Roqeeb súnmọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n parí, ó ní, "Daddy, ẹ tún sọ̀rọ̀." Rọ́ṣíà ló jáde.

Roqeeb ní àlùjànnú kì í gbé Ọlọ́hun tóbi. Mo ní kó pe Bàbá Ìsẹ́yìn kó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ó ní wọ́n ti gba mọ́tò.

Ajé, 17 Òkúdù
Sìkiọ́rítì yẹn fún ọ̀gá náà ní ìwé mi. Kí Ọlọ́hun tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Aago mọ́kànlá ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Bàbá arúgbó kan, funfun ni irun wọn, wọ́n ń mí nítorí àtẹ̀gùn. Ẹnjiníà Oyèṣọlá. Mo ń wá bí mo ṣe máa ṣàlàyé, Daddy ti gbọ́ ohùn wọn láti yàrá. Wọ́n sọ nǹkan kan. Ẹnjiníà dúró gbọn-in. Wọ́n fi èdè yẹn dá a lóhùn láti ibi tí wọ́n dúró sí, wọ́n wá wọlé lọ, mo sì gbọ́ tí bàbá mi rẹ́rìn-ín.

Wọ́n jókòó wákàtí méjì. Nígbà tí wọ́n jáde, mo ní ṣé ọ̀rọ̀ gidi ni. Wọ́n ní, "Gidi gan-an. Ó wúwo lẹ́nu rẹ̀, ó ń ṣi òmíràn pè, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ó ní òun ń rí Yorùbá náà níwájú òun, kò kàn dé ẹnu òun." Mo ṣí ìwé yìí, mo ka ohun tí etí mi ti kọ sílẹ̀ fún wọn.

Atikirọ́yì: ṣí i. Ṣí ilẹ̀kùn.

Kúṣáì, dóṣíkà: jẹun, ọmọ mi obìnrin. Wọ́n ní Daddy ń ṣàníyàn pé mi ò jẹun.

Mo ní lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú lórí àtẹ̀gùn ńkọ́? Ẹnjiníà wọlé lọ bi wọ́n. Wọ́n padà wá, wọn ò wojú mi. Wọ́n ní Daddy gbọ́ tí mò ń wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ níbi tí mo ti ń pọnmi. Korobá ni wọ́n fẹ́ wá bá mi gbà.

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Mo fún Mummy Fikáyọ̀ ní àgádágodo náà kó fi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 18 Òkúdù
Wọ́n dé ní aago mẹ́sàn-án. Bàbá Ìsẹ́yìn àti ọkùnrin méjì tí apá wọn ki. Okùn wà nínú báàgì ọ̀kan.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ń pe Ẹnjiníà, fóònù wọn kò lọ. Mo gbé ìwé inú páálí wá. Bàbá Ìsẹ́yìn ní kí n gbé e kúrò níwájú àwọn, pé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń ṣẹ̀rí, ṣé kò ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni nǹkan náà ti bá a? Wọ́n ní kí n kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

Mo ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mi ò ní kúrò."

Mi ò sọ irú rẹ̀ sí àgbà rí láyé mi. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà di èjìká mi mú. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn mi.

Daddy ń bọ̀. Wọ́n fi ọwọ́ òsì di ògiri mú, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n dé iwájú ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n jọ̀wọ́ ògiri. Mo rò pé wọ́n ń ṣubú ni. Orúnkún kan kanlẹ̀, lẹ́yìn náà ọwọ́, lẹ́yìn náà àyà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ọwọ́ tó kú há sábẹ́ wọn, ojú wọn kan táìlì. Wọ́n sọ nǹkan kan ní jẹ́jẹ́ láti ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀. Bí ènìyàn ṣe ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Ọkùnrin yẹn fi èjìká mi sílẹ̀.

"Yàkúbù," Bàbá Ìsẹ́yìn pè wọ́n. Wọ́n tún pè é. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti gbé wọn dìde, agbára wọn kò ká a, wọ́n kúkú jókòó sílẹ̀ tì wọ́n, agbádá, fìlà, gbogbo rẹ̀, wọ́n gbé orí àbúrò wọn sórí itan. Wọ́n bá àwọn ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ láìgbé ojú sókè.

"Wèrè kì í mọ ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ dúró nísàlẹ̀."

Ọjọ́bọ̀, 20 Òkúdù
Bàbá Ìsẹ́yìn padà sílé. Wọ́n sùn ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ wa. Wọn ò sọ pé àwọn ṣì í. Wọ́n ní kí n máa fi òróró pa ẹsẹ̀ náà, kí n sì fi ọ̀kan nínú àwòrán yẹn ránṣẹ́ sí àwọn, èyí tí kò ní àgbélébùú.

Ajé, 15 Agẹmọ
Ọsibítù. Dókítà ka ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní òun ti ka irú rẹ̀ rí, òun kò tíì fojú rí i. Yorùbá lè padà, ó lè má padà.

Kabirat ní wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní àyè mi. Ó sunkún lórí fóònù, èmi ni mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ilẹ̀kùn ti ṣí, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí mo lè lọ ju ìsàlẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 22 Ògún
Ọjọ́bọ̀ ni Ẹnjiníà máa ń wá bá Daddy sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń kọ́ mi ní Rọ́ṣíà. Lónìí wọ́n wá dágbére: àwọn ọmọ wọn ní Kánádà ti rí ìwé ìrìnnà wọn gbà, wọ́n ń lọ bá wọn lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú títí oòrùn fi kúrò lórí báńkónì. Ní àtẹ̀gùn mo ní, "Uncle, ta ni wọ́n máa wá máa bá sọ̀rọ̀?" Wọ́n ní, "Ìwọ náà ni, Ràhmát."

Ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà mọ́kànléláàádọ́rin ni mo mọ̀. Mo kà á.

Ajé, 26 Ògún
Òjò kékeré. Daddy jókòó sí báńkónì, wọ́n ń wo àwọn òrùlé àdúgbò wa ní Alápẹ̀rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó gùn. Mo gbọ́ yìnyín. Mo gbọ́ ìyá. Mo gbọ́ ògiri, ẹ̀ẹ̀mejì. Ìyókù ṣàn lọ lójú mi bí omi.

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n mọ̀ pé mi ò gbọ́. Wọ́n mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ní kò burú, kí n fi sílẹ̀.

Mo fa àga mi súnmọ́ wọn, mo wá ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi títí mo fi rí i. Mo sọ ọ́ lédè wọn: ẹ sọ ọ́ fún mi.

Wọ́n wò mí. Wọ́n wá tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n ń dúró dè mí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí olùkọ́.